Àmín Ọjọ́ Ẹkún Ìyàwó

Ní ọdún tí ogun Bìáfúrà parí, tí ẹkún ìyàwó bá kan sísun ní Igbó-Ọrà, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ògúndìran ọdẹ ni wọ́n ń wá. Ohùn rẹ̀ dùn, ojú kì í sì í tì í. Nígbà tí Gàníyù fi ọmọ rẹ̀ Mùnírátù fún oníṣòwò kan ní Lanlate, Àbẹ̀kẹ́ náà ni yóò tẹ̀lé ìyàwó káàkiri. Ta ni ì bá tún ṣe é? Láti kíláàsì kìíní ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni wọ́n ti jọ yege ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tó wà ní Èrúwà. Gàníyù ní kí ni ọmọ tó ti tó lọ́kọ fẹ́ fi ìwé ṣe. Ògúndìran ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́ kò sì béèrè. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ká a lára jù.

"Lọ́jọ́ ẹkún, ohunkóhun tí ìyàwó bá tọrọ ni àwọn àgbà ń ṣe àmín sí," ó sọ fún Mùnírátù níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. "Ìwọ ṣáà tọrọ ìwé."

Ọjọ́ pé, ilé kún. Mùnírátù kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó tọrọ ọmọ, wọ́n ṣe àmín. Ó tọrọ ẹ̀mí gígùn, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tó kan ìwé tí wọ́n torí rẹ̀ wá, ọmọ ló tún padà tọrọ. Àbẹ̀kẹ́ wò ó títí, inú bí i, ó sì gba ẹkún náà lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ bá mi tọrọ, kí n dé Èrúwà kí n tó dé ilé ọkọ,
kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ yín sójú pátákó."

"Àmín," ni gbogbo ilé dáhùn, Gàníyù pẹ̀lú wọn. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

"Kì í ṣe ẹnu ọmọ mi ló ti jáde," ó wí.

Mùnírátù gbójú sókè lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Kò sun ẹkún mọ́, ó kàn fi ẹnu sọ ọ́ ni. "Bàbá, èmi náà fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àmín sí i."

Búrẹ́mọ̀, olórí ẹbí, ló fọhùn.

"Gàníyù, àmín ti jáde lẹ́nu wa. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Ọlọ́run pé eré la ń ṣe?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Àwọn ará ọkọ tó ti Lanlate wá mú ìyàwó fi ìbínú kó iṣu ìdána wọn padà.

Nírọ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń nu ìbọn. Inú rẹ̀ dùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bàjẹ́ fún ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹnu tèmi ni àdúrà yẹn ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣe àmín."

"N kò ṣe àmín," Ògúndìran dáhùn. "Èmi kì í ṣe ìmàle. Àṣẹ ni mo wí."

"Àṣẹ ńkọ́, Bàbá?"

Ọdẹ nu ìbọn rẹ̀ tán, ó gbé e kọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àpótí tó ń kó aṣọ ọdẹ rẹ̀ sí jáde, ó sì da gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sórí ẹní.

"Wò ó," ó wí, "bóyá yóò gba ìwé rẹ."