Oníbàárà Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹni tó bá ní Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, le, ẹ ní kó wá bá èmi Nimotou. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí n kò bá di páálí ní ilé iṣẹ́ wa ní Yopougon. Kíláàsì inú rẹ̀ dà bíi pépà tí télọ̀ fi ń gé aṣọ: ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi gé ẹgbẹ̀rún aṣọ. Aṣọ kọ̀ọ̀kan tó jáde ni à ń pè ní objet. Ẹ fi àmì point-virgule parí ìlà, ẹ pa àkámọ́ tí ẹ ṣí dé. Ó parí.

Nítorí náà, ìdánwò kò bà mí lẹ́rù. Jérémie, olùkọ́ wa, ní kí kálukú kọ ètò tí ẹlòmíì máa lò lójú òun. Ẹni tó bá yege á fi páálí sílẹ̀, á bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì Jérémie. Mo kọ ètò tó ń to àwọn oníbàárà sílẹ̀ fún Tantie Sùwéébátù, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Treichville, mo sì mú Tantie fúnra rẹ̀ wá síbi ìdánwò.

Tantie jókòó, ó wo àpótí àkọ́kọ́ lójú ẹ̀rọ: Nom, orúkọ.

"Tantie, ẹ tẹ orúkọ oníbàárà kan."

"Ìyá Irfan."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an."

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó dàgbà tó ìyá mi. Vingt ans, ogún ọdún gbáko, ló ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ìgbà wo ni màá wá máa bi í pé kí lorúkọ rẹ?"

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; èmi gbàgbé tèmi sílé. Mo mọ̀ pé a kì í pe àgbà lórúkọ, síbẹ̀ mo kọ ètò bí ẹni tí wọn ò tọ́. Ètò náà kò sì gba ẹni tí kò lórúkọ. Ojú tì mí. Jérémie wo aago.

"Dix minutes, Nimotou."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ jù. Constructeur ni ẹnu ọ̀nà tí objet ń gbà wọlé. Mo yọ orúkọ kúrò níbẹ̀, mo fi orúkọ ọmọ àti àdúgbò rọ́pò. Mo gbàgbé point-virgule kan, ìlà pupa yọ, mo fi í sí i. Ìyá Irfan ti Anoumabo wọlé wẹ́rẹ́. Tantie rẹ́rìn-ín.

Jérémie wá ní kí n fi ara mi náà sí i.

Ọwọ́ mi dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, n kò tíì bímọ. Àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ló ń bi mí pé ìyá ta ni mí. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Tantie rí i, ó dorí kodò.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ ètò? Ṣebí èmi náà ni. Kíláàsì kan lè ní ẹnu ọ̀nà méjì, a ti kọ́ ọ. Mo kọ èkejì, tí kò béèrè ju ohun tí wọ́n ń pe ẹni náà lọ. Ẹni tó bímọ, ẹni tí kò bí, oníbàárà kan náà ni gbogbo wọn.

"Tantie, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ máa ń pè mí?"

Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀, ó sì pẹ́. Nígbà tó ṣe tán, mo ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ: Nimotou mi.

Jérémie ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti mọ̀ pé màá yege. Ohun tí Tantie tẹ̀ yẹn nìkan ni n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló sì pa mí lẹ́kún.