Láògún Kí Nọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà

“Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó sọ ọ́ tán.”

Báyìí ni Láògún onígbàjámọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìkirun, abẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, orí oníbàárà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ abẹ kì í pe àlá onígbàjámọ̀ ní irọ́. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní, “À ń gbọ́.”

Àlá náà kò lè yé ènìyàn bí kò bá mọ Láògún. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ. Bó bá pàdé ẹni tó ń lọ sóko, yóò kí i, yóò kí ará ilé rẹ̀, yóò kí ajá tó tẹ̀ lé e, títí oòrùn yóò fi dé àtàrí ẹni ẹlẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àlá yìí, ọkọ̀ sinimá kan ti Ìbàdàn wá. Wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe mọ́tò han gbogbo ìlú. Láògún àti Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú pátápátá. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ni Láògún rí sọ: “Gbogbo èrò inú ilé iṣẹ́ yẹn, n ò rí ẹni tó kí ẹnì kejì rẹ̀.”

Ó ní bí òun ti gbé orí lé ìrọ̀rí báyìí, ìrọ̀rí ní, “Di ara rẹ mú, mò ń lọ.” Ó sì gbéra. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àfi lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mọ́tò kan ní ìlú Dẹtirọ́ìtì ní Amẹ́ríkà. Òpó èéfín gíga kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn orí rẹ̀.

“Òróró wo lo fi para?” ni òpó náà bi í.

“Àdí àgbọn ni.”

“Ó dáa, wọlé.”

Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ iṣẹ́. Fóòmáànù kan, òyìnbó gíga tó ń jẹ́ Họ́bátì, fi sípánà lé e lọ́wọ́. Yorùbá ẹnu ọkùnrin náà dán bí ti ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ẹdẹ, èyí kò sì ya Láògún lẹ́nu rárá.

“Iṣẹ́ rẹ kò le,” ni Họ́bátì wí. “Ọ̀nà tí o rí yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn. Mọ́tò á máa gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀tì kan ni tìrẹ lára mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Yí i kó le, kó máa lọ. Má bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí n má bá a sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ṣé a jọ ń jà ni?”

Họ́bátì ti lọ. Mọ́tò àkọ́kọ́ dé. Bí Láògún ti na sípánà, nọ́ọ̀tì náà ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá.”

Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò dákẹ́? “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?”

“Pítísíbọ̀ọ̀gù, ìlú irin, ni wọ́n ti yọ́ mi, bàbá. Inú iná ni mo ti jáde.”

“Áà! Ẹ kú ewu iná o. Ẹ kú ìrìn àjò.”

Kó tó béèrè àwọn ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀tì tán, mọ́tò ti lọ, mọ́tò kejì ti dé, ìkẹta ti gun kejì lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó ń gun ara wọn. Òkìkí kàn. Àwọn iná iwájú mọ́tò yọ ara wọn kúrò láyè wọn, wọ́n wá tò sí iwájú Láògún. Ilẹ̀kùn mọ́tò tò tẹ̀ lé wọn. Táyà kan yí gbirigbiri dé, ó ní ọmọ igi rọ́bà Sàpẹ́lẹ̀ ni òun, ará ilé ni òun àti Láògún, ìkíni tòun gbọ́dọ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Láògún ní òótọ́ ló wí.

Họ́bátì sáré padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn. “Àwọn ọ̀gá ń pè ọ́.”

Ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá kò sí lórí ilẹ̀. Ojú ọ̀run ló léfòó sí, táì gígùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Láògún gun èéfín lọ síbẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Ó bá àwọn ọ̀gá mẹ́ta lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọn kò jẹ́ ẹ.

Èyí tó sanra jù nínú wọn ní, “Ìwọ lo ń dá iṣẹ́ wa dúró. Ṣé o mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí? Mọ́tò ti èṣí kò ní lẹbẹ. Ti ọdún yìí ní lẹbẹ méjì nídìí, bíi ti ẹja. Ti àmọ́dún yóò ní mẹ́rin.”

“Ṣé inú odò ni yóò máa lọ ni, sà?”

“Rárá. Kí ẹni tó ra ti èṣí má baà lè sùn ni. Gbogbo ohun tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, à ń pààrọ̀ rẹ̀. Yọjú lójú fèrèsé.”

Láògún yọjú. Lórí ọ̀nà tó ń rìn nísàlẹ̀, láàárín mọ́tò méjì, Ọmọ́yẹni jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, kò wo òsì, kò wo ọ̀tún.

“Ìyàwó mi nìyẹn!”

“Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ,” ni ọ̀gá wí. “Yàrá ọ̀dà ló ń lọ. Wọn yóò kùn ún ní búlúù, wọn yóò yọ ohùn rẹ̀, wọn yóò fi họ́ọ̀nù rọ́pò. Kò tún ní bá ọ jiyàn mọ́. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, á dún pápá.”

Oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ bi í pé, “O ò tiẹ̀ rò ó wò díẹ̀?” Láògún gbé abẹ sókè, ó wo àtàrí ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ní òun kò béèrè mọ́.

Láògún ní omi bọ́ lójú òun nínú ọ́fíìsì náà. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo kí i, ṣé pápá ni yóò máa dá mi lóhùn?”

Wọ́n tẹrí ba sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìwé tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbórí sókè, ewúrẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Láògún ní kò jọ òun lójú, ó ní bóyá bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọ̀kan ké pé, “Ìpàdé ti parí, mẹ̀ẹ̀ẹ̀.”

Kò sí ẹni tí yóò bẹ̀ mọ́. Ó yọ̀ lórí èéfín bọ́ sílẹ̀, ó bẹ́ sórí ọ̀nà tó ń rìn, ó sáré tẹ̀ lé aya rẹ̀. Bó ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń fà á sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀dà ya ẹnu. Ẹ̀kán ọ̀dà búlúù kan ti bà lé imú Ọmọ́yẹni.

Láògún kò ní agbára kankan mọ́ àfi èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó dúró, ó ké tòò: “Ẹ̀yin ẹ̀rọ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ooru! Ẹ kú ìdúró! Ẹ kú àìsinmi!”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti to ilé náà, ẹnikẹ́ni kò kí wọn rí. Ọ̀nà tó ń rìn gbọ̀n, ó dúró gbagidi. Ẹ̀rọ tó ń lu irin gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ojú. “Hòó!” ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. “Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Oko ńkọ́?” Ìdáhùn pọ̀ débi pé iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́. Họ́bátì fúnra rẹ̀ jókòó sórí táyà, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn òbí táyà náà.

Ọmọ́yẹni gbé atẹ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. “Ṣé o ti wá kí wọn tán?” ló bi ọkọ rẹ̀, ó sì fi etí ìró nu imú.

Láògún fẹ́ dì mọ́ ọn, ni nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ yí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. “Bàbá, ẹ kí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò yí mi. Mo ṣì ń mì.”

Ojú ti Láògún. Ó wá sípánà, sípánà ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán gbá nọ́ọ̀tì mú, ó ń yí i. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ inú iná. Fara dà á. Ìyá ńkọ́?” Nọ́ọ̀tì le. Ó tún yí i. Nọ́ọ̀tì figbe ta.

Ohùn Ọmọ́yẹni ló fi ké.

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Ìkirun. Láògún bá ara rẹ̀ lórí eékún nídìí ẹní, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ó ti pẹ́ tí o ti ń yí i,” ni Ọmọ́yẹni wí. “Mo ní kí n wò ó bóyá yóò já. Kíkí lo tilẹ̀ ń kí i, ò ń bi í léèrè ìyá rẹ̀!”

Láògún jọ̀wọ́ àtàǹpàkò náà. Obìnrin náà wá na ẹsẹ̀ kejì síwájú rẹ̀.

“Kí èyí náà,” ló wí, “kó má baà bínú.”