Fèrèsé Ilé Mọ́kànlá

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, wọ́n ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.

Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Màámi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

"Bàbá yín ti jáde láàárọ̀ yìí. Kí aago méje tó lù, wọ́n ti ṣí fèrèsé gbogbo ilé tán."

Mo ní, "Màámi, bàbá wo?"

Wọ́n ní, "Bàbá mélòó lo ní?"

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo wa mọ́tò mi láti Ìbàdàn, ó di Ìlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Hezekiah Babáyẹmí lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Wolé-wolé ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi yẹ ilé àti ìkòkò omi àwọn èèyàn wò fún ìjọba. Ìjọba ní kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n gbà, wọ́n sì tún ń wọlé onílé. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí: ẹni tó bá rí ṣe yóò kọ́ ilé aláràbarà, yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò sì padà sí Èkó tàbí òkè òkun, ó di ọdún. Bàbá mi a máa sọ pé ilé tí ẹnikẹ́ni kì í mí nínú rẹ̀, ikán ló ni ín. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́kànlá ní àdúgbò wa. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á lé alángbá jáde pẹ̀lú ìkìlọ̀.

Kí wọ́n tó wọ ilé òfìfo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kanlẹ̀kùn. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ilé o." Wọ́n á sì dúró díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi wọ́n pé ta ló máa dáhùn.

"Bí wọn ò bá dáhùn," wọ́n ní, "èmi ti hu ìwà tèmi."

Nínú ilé tiwa ńkọ́? Nígbà tí àìsàn dá Màámi dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá mi fúnra wọn ló ń di irun mi. Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin tó mọ kòtò ìdọ̀tí í wọ̀n ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n pín irun orí mi bí ẹni pín ilẹ̀ oko. Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sunkún délé. Àwọn náà jókòó tì mí, wọ́n sunkún, wọ́n sì tún un dì. Ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n darúgbó, wọn a máa dìde láàárín ìpàdé ìjọ, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi fẹ́ lo oògùn," wọ́n á sì máa lọ sílé, bí àlùfáà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ìyàwó yẹn ni mo wá mú lọ sí Ìbàdàn. Màámi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣubú lẹ́yìnkùlé tí kò sí ẹni tó máa gbé wọn dìde. Ẹ̀rù ìṣubú kẹta ń bà mí.

"Màá bá ọ lọ," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Bàbá yín ṣì ń jẹun. Ta ló máa bọ́ wọn?"

Òótọ́ ni pé oúnjẹ kan wà. Ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan, Màámi á bu iyán àti ọbẹ̀ sínú àwo, wọ́n á fi ìdérí bò ó, wọ́n á gbé e sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú. Tó bá di aago mẹ́rin, àwo á ti ṣófo. Wọ́n á ti fọ̀ ọ́. Wọ́n á ti dojú rẹ̀ dé.

Mo ní, "Màámi, bàbá wa ò fọ àwo rí láyé wọn."

"Ikú ti kọ́ wọn."

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó kú sí wa lẹ́nu, àwa méjèèjì sì ń wo àwo náà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kí n tó sùn, mo já ìdì kọ́kọ́rọ́ bàbá mi kúrò lórí ìṣó, mo tì í mọ́ inú búùtù mọ́tò. Mo ní ká wá wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde sí títì. Fèrèsé ilé mọ́kànlá ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọ́tìnnì ń jáde, ó ń wọlé, bí ọwọ́ ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi wú.

Ìyá Hadassah tó ń gbé ní iwájú wa ń gbálẹ̀ láìgbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta ló ṣí gbogbo fèrèsé yìí?"

"Ta ni ì bá tún ṣe? Bàbá ẹ ni. Ta ló tún mọ̀ pé èèyàn ní láti gbé ilẹ̀kùn ilé Dókítà sókè díẹ̀ kó tó ṣí?"

"Ẹ̀yin rí wọn?"

"Ṣé orí mi dàrú ni, tí màá fi wo òkú lójú? Tí mo bá ti gbọ́ 'gbáà', ilẹ̀ ni ojú mi máa ń wà. Ṣùgbọ́n mo máa ń kí wọn o. Mo máa ń ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, sà.' Èèyàn ò lè tìtorí ikú má kíni."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Màámi gbé oúnjẹ síta, wọ́n wọlé. Oòrùn mú ganrínganrín. Kò pẹ́, ọwọ́ kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó gbé àwo. Apá aṣọ tó wà lára ọwọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Bùbá bàbá mi ni, aláwọ̀ búlúù.

Bóyá ẹ̀mí akọni ló gbé mi tẹ̀ lé e, bóyá ara mi ni ò mọ ohun tó tún lè ṣe. Ó gba ẹ̀yìn àwọn ilé, ó gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn ilé Gabriel Kọ́lájọ, ilé aláwọ̀ ewé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Gabriel ti wà ní Kánádà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo dé ẹnu ọ̀nà. N ò mọ ohun tí mo lè ṣe ju èyí tí bàbá mi ń ṣe lọ. Mo kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o."

Ohùn kan dáhùn láti inú wá pé, "Ẹ káàbọ̀."

Kí n má purọ́ fún yín, omi díẹ̀ jáde lára mi.

Ògiri pálọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Fọ́tò ńlá kan wà níbẹ̀: Gabriel nínú kóòtù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Abẹ́ fọ́tò yẹn gan-an ni Gabriel jókòó sí, ó rù bí igi gbígbẹ, ó ń jẹ iyán nínú bùbá bàbá mi.

"Tẹ́júọlá," ó ní, "jọ̀ọ́, má pariwo."

Oṣù mọ́kànlá péré ló lò ní Kánádà kí wọ́n tó dá a padà. Ó fi ara pamọ́ sí Èkó, òwò rẹ̀ wó, ìyàwó rẹ̀ lọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó fi òjò bojú wọ Ìlá, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́nú ilé ara rẹ̀. Sátidé dé, bàbá mi kanlẹ̀kùn, wọ́n kí ilé. Ẹnu Gabriel dáhùn kó tó rántí pé òun kò sí nílé.

"Mo rò pé wọ́n á figbe ta," ó ní. "Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní, 'Gabriel, káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?'"

Bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fún un ní bùbá wọn kan, wọ́n sì gé kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́kànlá fún un. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ káyé rí òun, kó máa ṣe irú iṣẹ́ tí ayé kì í rí. Gbogbo àkókò tí bàbá mi fi ṣàìsàn, òun ló ń yí ká kí àwọn èèyàn tó jí.

"Nígbà tí wọ́n kú, mo ní ebi ló máa pa mí. Àfi bí Màámi ṣe ń gbé oúnjẹ síta fún mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń gbé e sí. Bàbá mi ni wọ́n ń bọ́."

Òkèlè dúró sí i lẹ́nu. Ó gbé àwo kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ohun olóhun.

Mi ò dákẹ́ síbẹ̀. Mo sọ fún un pé Màámi ń ṣubú, pé wọn ò ní bá mi lọ bí wọ́n bá rò pé ọkọ wọn ṣì wà láàárín wa. Mo ní, "Ẹ má ṣí fèrèsé mọ́. Ẹ má mú oúnjẹ mọ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi lọ."

Ó ní, "Ta ló máa ṣí ilé fún afẹ́fẹ́?"

"Fèrèsé títì kì í pààyàn, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa," ó ní. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ni nǹkan náà? Ẹ má bi mí.

Sọ́ńdè, oúnjẹ wà lórí àpótí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mọ́ńdè, èèrà dà bò ó. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Màámi ń bù ú, wọ́n ń gbé e wọlé padà. Èmi ń ka ọjọ́, mo ń dùnnú. Sátidé dé. Ilé mọ́kànlá di fèrèsé wọn pa bí òkú tó dijú. Àdúgbò dákẹ́. Ìyá Hadassah kí afẹ́fẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, kò gbọ́ gbáà, ó sáré wọlé.

Màámi dúró ní ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tán nìyẹn. Di ẹrù mi."

Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo jó níbẹ̀.

A ti wà lójú ọ̀nà Òtan nígbà tí Màámi sọ̀rọ̀.

"Tẹ́jú, ọmọ Kọ́lájọ yẹn, mo gbàgbọ́ pé ó ti rí ibi gidi lọ."

Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò kígbe.

"Màámi! Ẹ mọ̀?"

"Kí ni mi ò ní mọ̀? Ìwọ tí o bá bàbá ẹ gbé, ṣé òun ló ń fọ àwo? Bàbá ẹ sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn àìsàn. Wọ́n ní, 'Moríyọ̀, má jẹ́ kí wọ́n rí i, má sì jẹ́ kí ebi pa á.'"

"Kí ló wá dé tí ẹ ń sọ pé Bàbá ló ń jẹ ẹ́?"

"Kí n wá ní ta ni? Tí mo bá pe alààyè, Ìyá Hadassah á ti fo ọgbà wá wò ó. Òkú nìkan ni ará àdúgbò wa kì í yọjú wò." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Òun ni mo dúró tì. Mo rí i pé ó ti lọ fúnra rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Kí ló dé tí o ò wakọ̀?"

Mo sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo bá a sọ, pàápàá èyí tí mo sọ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bọ́. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò gbá mi.

"Ṣẹ́rí padà."

Màámi kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ojú títì níwájú ilé Gabriel ni wọ́n dúró sí ní ọ̀sán gangan, wọ́n fi gbogbo ohùn wọn pè é.

"Gabriel! Gabriel Kọ́lájọ! Èmi ni!"

Ìyá Hadassah yọjú. "Ìyá Tẹ́jú, ẹ rọra. Gabriel wà ní Kánádà."

"Ó wà nílé! Ọdún méjì ló ti wà nílé! Ọbẹ̀ mi ló ń jẹ! Gabriel, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín ín, jáde wá jẹun!"

Gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn.

Mo fi kọ́kọ́rọ́ bàbá mi ṣí i. Wọ́n ti gbálẹ̀ mọ́. Bùbá aláwọ̀ búlúù wà lórí àga, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá wà lórí tábìlì, Gabriel ti so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé: *Ilé Dókítà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀.* Lórí ògiri, ibi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù lọ. Màámi fọwọ́ kan ibùsùn. Ó tutù.

Òkú ni mo rò pé mò ń lé. Alààyè ni mo lé.

Màámi jókòó sórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru yín..."

"Tó bá padà wá, ta ló máa bá nílé?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo gba ọ̀nà Ìbàdàn.

Mo ti kọjá Òtan nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì lé èjìká, ó rù, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì. Mo dúró, mo yọ orí jáde.

"Ẹ̀gbọ́n Gabriel!"

Ó yíjú padà. Òun kọ́.

"Èmi kọ́ ni Gabriel, mà," ó ní, "ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lè gbé mi dé Ìkìrun, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo gbé e. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ òjò, èmi sì ń wo etí títì lọ́tùn-ún lósì. Ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní bóyá ó ti rí ẹnì kan báyìí báyìí, tó rù, tó ń dá rìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ta ni kò rù láyé ìsinsìnyí?"

Ó sọ̀ ní Ìkìrun, ó súre fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀ nígbà tí mo tún rí ọkùnrin mìíràn níwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Mo tún tẹ bíréèkì.