Akọ́lé, Ó Kọ́ Tirẹ̀

Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ohun tí Motọ́lání gbára lé nìyí bó ti fẹ̀yìn ti òpó ọ̀gànwó tó wà lẹ́nu fáránda, tó tẹjú mọ́ Idemudia bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ ká ilé ọ̀hún bí ẹní, kó gbé e rù, kó máa lọ.

Ilé pákó ni, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ọjà Ekiosa nílùú àwọn Ẹdó. Fikitóríà ṣì ń jọba nílùú òyìnbó nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù ti gba gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló kù, tó ń dún rìgìrìgì bí arúgbó tó ń dìde lórí ìjókòó. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí Motọ́lání sí, ibẹ̀ náà ló ti bí Fikáyọ̀. Idemudia, ọmọ Ẹdó, ti wá tẹ́lẹ̀, ó ní ìyá tó bí ìyá-ńlá òun ló kọ́kọ́ ni ilé náà. Ńṣe ni Motọ́lání fi oríkì lé e jáde, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Lónìí, ó mú Pa Ogbeide, àgbà àdúgbò, wá. Ibi tí Pa bá fi ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí.

"Madam, paper no dey anybody hand," ni Pa wí. "Talk wetin your papa tell you."

Pépà kẹ̀? Ta ní ń fi pépà mọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà? Motọ́lání ti gbàdúrà ní ìdájí, ó sì ti ní kí wọ́n gbé Ìyá Adéfúnkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, wá láti Aduwawa, kó wá jẹ́rìí. Ìyá ọ̀hún ló jókòó sórí àga ní fáránda, tó ń jẹ obì díẹ̀díẹ̀.

Motọ́lání gbóhùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì bàbá-ńlá wọn:

"Ògúnwálé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà,
A-fàáké-kí-ìrókò,
Ìrókò gbóhùn àáké, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.
Akọ́lé, ó kọ́ tirẹ̀,
Igi wọgi láìsí ìṣó…"

"Dúró ńbẹ̀!" Ìyá Adéfúnkẹ́ tutọ́ obì dànù. "O ti gé bàbá-ńlá mi lọ́rùn."

"Màámi, kí ni mo gé?"

"Akọ́lé-onílé bí ẹni kọ́ tirẹ̀! Bó ṣe wà nìyẹn. Ò ń sáré bí ẹni ajá ń lé."

"Onílé wo, Màámi?"

"Ìyá Ẹdó tó ni gẹdú ni. Òun ló ránṣẹ́ pe Ògúnwálé láti Iléṣà. Kàfíńtà mà ni, àbí ta ló pè é ní olówó fún ọ? Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyá yẹn ní kó máa gbébẹ̀. Ó ní ilé onígi tí kò bá ní kàfíńtà nínú, ikán ni yóò jogún rẹ̀."

"Ẹ sì mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Bàbá Motọ́lání ló kọ́ ọ ní oríkì yìí. Ṣé ẹnu bàbá ló yọ̀ ni, àbí bàbá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀rọ̀ mì? Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ni, ta ni òun ń fi gbogbo àárọ̀ ayé òun kì? Ó fẹ́ gbàdúrà, kò mọ ohun tí yóò tọrọ.

"Wetin Mama talk?" ni Pa bèèrè. "She gree with you?"

Pa kò gbọ́ Yorùbá. Idemudia náà kò gbọ́. Fikáyọ̀ nìkan ló gbọ́, ó sì ti kọjú sí ìyá rẹ̀ tààrà.

"Mummy, answer dem now."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó rọrùn. Kó kàn mi orí pé Màámi gbà, ilé di tiwọn. Ìyá Adéfúnkẹ́ kò bìkítà. Ó ti ń bá oríkì rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, geere, láìgé ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Akọ́lé-onílé bí ẹni kọ́ tirẹ̀. Motọ́lání tẹ́tí. Ta ni kì í kọ́ ti ara rẹ̀ kó dára? Àmọ́ kí èèyàn kọ́ ti ẹlòmíì báyìí, kí igi wọgi, kí ilé dúró di òní… Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ń gbé mì nínú ilé yìí, onílé, kò sì sí ẹni tó tíì kì onílé náà rí.

Èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ta kókó. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú.

"Fikáyọ̀, jọ̀ọ́, bá mi bi Idemudia," ó ní. "Kí ni orúkọ ìyá onílé yẹn?"