Ọkọ̀ Tó Wó Ògiri Tíṣà

Aránṣọ ń ṣẹ́tí aṣọ lọ́wọ́ lójú fèrèsé nígbà tó gbọ́ gbàà! Ó gbójú sókè. Ògiri iwájú ilé tíṣà, aládùúgbò rẹ̀, ti wó, ọkọ̀ kan sì ń fẹ̀yìn rìn kúrò láàárín bíríkì. Kó tó lanu pariwo, ọkọ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Nígbà tó yá, obìnrin ọlọ́pàá kan dé, ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà.

"Mà, irú ọkọ̀ wo lẹ rí?"

"Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Aláwọ̀ eérú."

"Irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wo?"

Aránṣọ ń wò ó. Ṣé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tún ní oríṣiríṣi ni? Lójú tirẹ̀, ohun tí kì í bá ti ṣe bọ́ọ̀sì tàbí tírélà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ó parí.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ nínú yàrá náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Adúmáadán ni aránṣọ ń pè é. Ó nu ẹnu.

"Aya wa, ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Tí búùtù rẹ̀ bá yọ sẹ́yìn, sàlúùn ni. Àwọn kan wà tí wọ́n gé kúrú lẹ́yìn, tí gíláàsì ẹ̀yìn àti búùtù jọ máa ń ṣí sókè. Tó bá ga nílẹ̀, jíìpù ni."

"Ó ga díẹ̀."

"Jíìpù ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá."

"Kò ga tó jíìpù. Ó sì ní búùtù... àbí òjìji ògiri ni mo rí?"

Ọlọ́pàá mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jáde sí títì, kí aránṣọ nàka sí èyí tó bá jọ ọ́. Ó nàka sí sàlúùn kan. Jíìpù kan kọjá, ó tún nàka sí i. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan lábẹ́ igi.

"Èyí ló jọ ọ́ jù!"

"Tèmi nìyẹn!" Adúmáadán figbe ta. "Aya wa, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?"

"Mo ní ó jọ ọ́ ni. Mi ò ní òun ni."

Ọlọ́pàá ti ń yí ọkọ̀ náà po, ó ń wá ibi tó ti họ. Kò rí nǹkan kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá tojú sú aránṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, akunlé kan fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá tíṣà. Ó ní bíréèkì ni kò mú, ẹ̀rù ló sì ba òun tí òun fi sá. Wọ́n pe aránṣọ wá wo ọkọ̀ rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ lọ tààrà dé ẹ̀yìn bíi búrẹ́dì gígùn, àkàsọ̀ wà lórí rẹ̀, iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú.

"Wágọ̀n ni," Adúmáadán sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Aránṣọ yí i po. "Òun kọ́."

"Ìyá mi, èmi ni," akunlé ní.

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ọkọ̀ tí mo rí kò gùn báyìí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Akunlé wá ń bẹ aránṣọ kó jọ̀ọ́, kó gbà pé ọkọ̀ òun ló wó ògiri náà. Nígbà tó pẹ́, aránṣọ fẹnu gbà.

Akunlé tún ògiri náà mọ, ó sì kùn ún. Tó bá ń kọjá, á tẹ fèrè, á ní, "Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Wágọ̀n ń kọjá!"

Aránṣọ á juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, á tún bẹjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tó fi máa ṣẹ́ kọ́nà.