Àpò Kọkàndínlógún

“Kúrò lójú ọ̀nà, àbí kí n gbá ọ!” Lateef ló pariwo bẹ́ẹ̀, tó tún tẹ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ títí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi.

Ìbílọlá kò mira. Afárá onípákó tó wọ ìlú Afo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni afárá náà wó. Nígbà tí wọ́n tún un kàn, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ohun gbogbo tó bá gùn ún kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún kílò lọ.

“Bọ̀dá Lateef, ẹ gbá mi. Ìyá mi kúkú jókòó tì yín, ẹ ó ṣàlàyé fún wọn.”

Ìyá rẹ̀ yọ orí lójú wíńdò. Kòkó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. “Àpò mọ́kàndínlógún péré! Àwọn tó fẹ́ rà á ò ní dúró dè wá l'Ọ́wọ̀. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì tí ò ń kọ́ ní ìṣirò ni kó o lọ máa yọ lẹ́nu.”

Ìbílọlá kò lọ yunifásítì kankan. Ìwé ìṣirò tí eku ti jẹ etí rẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀, ó to nọ́ńbà sí i láti òdo dé ogún.

“Ọkọ̀ yín, ẹgbẹ̀sán kílò. Ẹ yọ ọ́ nínú ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ó ku ẹgbẹ̀fà. Àpò kan, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ pín in.” Ó fi òkúta sáàárín méjìdínlógún àti mọ́kàndínlógún, ó fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sápá òdo. “Ibi tí ọfà kọjú sí nìkan ni afárá gbà. Mọ́kàndínlógún ti kọjá òkúta.”

“Torí àpò kan ṣoṣo?” ni Lateef béèrè.

“Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

Lateef já àpò kan sílẹ̀, ó ń kùn. Ìbílọlá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ ń wú. Táyà iwájú gun pákó àkọ́kọ́. Pákó náà ké.

Ìbílọlá wo pátákó. Ohun gbogbo tó bá gùn ún. Ó wo ìlà rẹ̀ nílẹ̀: ọkọ̀ wà níbẹ̀, kòkó wà níbẹ̀. Ó wo orí méjì tó wà níwájú ọkọ̀.

“Ẹ dúró! Ẹ padà sẹ́yìn!”

Lateef tẹ bíréèkì. “Kí ló tún dé? Ṣebí ìwọ lo ní méjìdínlógún!”

Ìbílọlá sún òkúta rẹ̀ sẹ́yìn. “Mo ṣì í. Mẹ́rìndínlógún ni.”

“Kí lo gbàgbé?” Lateef bi í.

Ìyá rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú ọmọ rẹ̀.

“O wọn ọkọ̀,” ló wí. “O wọn kòkó. Èmi ńkọ́?”