Wáyà Apá Òsì

Ọkọ̀ òfúrufú ìṣeré Sìkírátù ṣe gìrì lókè pápá ilé-ìwé ní Àràmọ́kọ́, Jímọ̀ sì ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń retí kó já. Bí Jímọ̀ bá rẹ́rìn-ín, adìẹ á sá gun orí igi títí dé ìlú Erijiyan.

Òun ló mọ ohun tó ṣe. Sìkírátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló fi fóòmù kan ọkọ̀ ìṣeré tí ṣóńṣó apá rẹ̀ méjèèjì ń la ẹnu bíi pẹ́pẹ́yẹ. Apá tó bá la ẹnu, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń yà sí. Láàárọ̀, bí Sìkírátù ṣe ń kírun lọ́wọ́, Jímọ̀ tú wáyà apá òsì, ó so ó mọ́ wáyà ìrù tí ń mú ọkọ̀ gbé imú sókè. Ó fẹ́ kó já lójú gbogbo ayé, pàápàá lójú Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀yínadé, tó ti Adó wá mú ẹnì kan péré lọ sí ìdíje ọkọ̀ ìṣeré ní Àbújá.

Ọkọ̀ ò já. Sìkírátù fa rìmóòtù kó gbé imú sókè, apá òsì la ẹnu, ni ọkọ̀ bá ń yí lójú kan bí òkòtó, ó ń yí bọ̀ nílẹ̀. Sìkírátù dẹwọ́, apá náà pa ẹnu dé. Ọkọ̀ tún gbéra.

Pápá hó yèè.

"Mi ò rí irú èyí rí!" Ẹ̀yínadé ti dìde. "Wá, wá sọ bó o ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà, tún mú un yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ká jọ máa lọ sí Àbújá."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ wà lábẹ́ máńgòrò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Jímọ̀ rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́. Kí àwàdà tòun wá gbé Sìkírátù dé Àbújá? Ó yọ́ lọ sídìí ọkọ̀, ó dá wáyà padà sáyè rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tán.

"Òkòtó ti kú o!" làwọn èèyàn ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i," Sìkírátù bẹ̀bẹ̀.

"Èèṣì ni, ọmọ mi. Wọn kì í gbé èèṣì lọ síbi ìdíje." Ẹ̀yínadé wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Sìkírátù gbé ọkọ̀ lé itan, ó ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bọ̀dá, ó yí, àbí kò yí?"

"Ó yí."

"Kí ni mo wá ṣe nígbà yẹn?"

Jímọ̀ la ẹnu. Òun tó ti bá gbogbo Èkìtì fọ́nnu pé òun lòun kọ́ àṣá ní fífò, òótọ́ kan ṣoṣo tó ní láti fi ṣe fáàrí láyé rẹ̀ rèé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún. Ó pa ẹnu dé. Ó kúnlẹ̀ tì í lórí koríko, ó ń bá a wá ohun tó mú ọkọ̀ yí.